Epo Méjì Nílẹ̀ Kan

Ẹni tó bá fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ gẹdú láti Ore lọ sí Èkó, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló yẹ kó máa wá lọ́jọ́ ogbó. Ti Lawrence Akínṣọlá kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí Adédoyin ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ sì wà lókè òkun, ilé dákẹ́ débi pé baba ń gbọ́ bí aláǹgbá bá ń gun ògiri. Rédíò ló ń bá a sọ̀rọ̀, rédíò náà kì í sì í gbọ́ tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí Péjú, aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Okitipupa, wá béèrè bóyá òun lè fi gáréèjì inú ọgbà rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti tà á. Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀ kọnkéré, ó rí epo ẹ́ńjìnnì tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó mi orí.

"Ibí dára, Bàbá, ṣùgbọ́n aṣọ ìyàwó ni mò ń rán. Bí aṣọ funfun bá já bọ́ síbí, ó parí. Tí ẹ bá lè fọ epo yìí kúrò kó tó di ọjọ́ Ajé, mo ń bọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, mà á wo ibòmíràn."

Lawrence ní yóò ṣeé ṣe. Ó ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ létí, ó ti ń gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà tí yóò máa kí i bí wọ́n bá ń kọjá.

Àfọwọ́fà ni epo náà. Ojoojúmọ́ ni Adédoyin ń kìlọ̀ pé kó tún mọ́tò tó ń jò ṣe. Epo pupa ni obìnrin náà ń tà. Abúlé Ago Alaye ló ti ń rà á, gáréèjì yìí kan náà ló sì ń kó kẹ́ẹ̀gì sí. "Epo tèmi là ń jẹ," ni yóò wí, "epo tìrẹ ló ń jẹ wá." Lọ́dún tí obìnrin náà kú, kẹ́ẹ̀gì kan bẹ́ ní igun ìsàlẹ̀ gáréèjì, epo pupa sì wọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹbí ti pín aṣọ rẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àbàwọ́n pupa yẹn, tó fẹ̀ tó àtẹ, nìkan ló kù. Láràárọ̀ ni Lawrence ń kí i bí ẹni ń kí ènìyàn. Ó ti pinnu pé bí Péjú bá dé, òun yóò gbé àga lé e kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́.

Ó bu iyẹ̀ pákó ní sọ́míìlì, ó dà á lé àbàwọ́n dúdú náà, ó gbá a. Ó fi epo òyìnbó fọ epo ẹ́ńjìnnì, òórùn di méjì. Ó mú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fọ̀ títí orúnkún fi bó. Dúdú ò mira.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Luqman, ará Ìwó tó ń dáko kòkó ní Araromi-Obu, bá a níbi tó jókòó sí, ó rẹ́rìn-ín. "Eérú èèpo kòkó ni kí ẹ lò, Bàbá. Kò sí ọ̀rá tó lè dúró dè é." Ó fi ọ̀kadà gbé àpò kan wá. Lawrence fi omi po eérú, ó tẹ́ ẹ lé dúdú, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó da omi sí i, ó ń gbá a. Bíríkìlà tó ṣe ilẹ̀ náà ti jẹ́ kó rọra dagẹ̀rẹ̀, kí omi lè máa ṣàn lọ sí igun ìsàlẹ̀. Igun náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń ru funfun. Baba rò pé epo ẹ́ńjìnnì ló ń jáde. Ó tún da omi, ó tún gbá a, ó ń kọrin. Ọkùnrin tó bá elépo gbé ọgbọ̀n ọdún gbàgbé pé eérú kòkó àti epo pupa ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú.

Nígbà tí omi fà, dúdú ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ṣá díẹ̀ ni. Igun Adédoyin ló mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n da símẹ́ńtì rẹ̀. Lawrence kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó gbóòórùn ọwọ́ náà. Òórùn ọṣẹ ni. Ìbànújẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, èrò ló bá a gbé e. Ti ọjọ́ yìí, òun nìkan ni.

Péjú dé lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wo dúdú, ó fẹ́ padà, àfi ìgbà tó rí igun ìsàlẹ̀.

"Ibí yìí mọ́ o, Bàbá. Ibí ni ẹ̀rọ mi máa wà. Ìyókù, ẹsẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé kò lè wà níbòmíràn?"

"Ibí nìkan ló mọ́, sà. Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Lawrence wo ojú ọmọ náà, ó wo ẹnu ọ̀nà tó lè gbà padà lọ.

"Epo," ló wí. "Epo ìyàwó mi."

Péjú rò pé ojú ń tì í ni. "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Ó ti lọ pátápátá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀ rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni baba wí, ó sì bá a di ẹ̀rọ náà mú, wọ́n jọ gbé e síbẹ̀.