Pátákó Tó Kọjú sí Ògiri

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kékeré mú òkúta, ó fi lu bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan tó ti kú ní àgbàlá wa títí ó fi là. Inú yàrá ni mo wà, n kò rí i, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ wọlé wá bá mi: òórùn kíkorò, bíi ti irin tútù àti èédú tí òjò pa. Ìyá ọmọ náà ń bínú pé ó ti fi dúdú kun aṣọ. Mo pariwo láti inú yàrá pé kí wọ́n má ṣe gbá ohun dúdú yẹn dànù, kí wọ́n bá mi kó o sínú agolo. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n tún ti ti ilé ìwé pa lákòókò yìí, àwọn ọmọ ń fọwọ́ ra fóònù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn òbí wọn sì ń kérora.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí dúdú yẹn wúlò fún, nítorí n kò lè mú un mọ́ra. Ọ̀pá kan wà láàárín bátìrì. Kì í ṣe òun la fẹ́, ìyẹ̀fun tó yí i ká ni. Ẹ ó gún un, ẹ ó sì fi aṣọ jọ̀ ọ́. Nílé, ní ilẹ̀ Yorùbá, ewé ọ̀dùnkún ni wọ́n máa ń gún mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ pákó. Ní Wagadugu níbí, ewé tútù kì í sí nígbà ọyẹ́, nítorí náà oje igi ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń dì bíi dígí, tí àwọn obìnrin Mósì, àwọn onílẹ̀ ibí, ń tà lọ́jà, ni bàbá mi rẹ sínú omi gbígbóná. Bí oje bá pọ̀ jù, pátákó ìkọ̀wé á máa dán, ẹfun ò ní mú un. Bó bá kéré jù, dúdú á máa bá ọwọ́ lọ. Ìkúnwọ́ ìyẹ̀fun méjì sí ṣíbí oje kan, ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo ti kun oríṣiríṣi pákó láti ìgbà tí mo ti dàgbà, mo sì ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀.

Pátákó àkọ́kọ́ tí mo rí tí wọ́n kùn bẹ́ẹ̀, ara àpótí tí wọ́n fi kó ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ wá ni bàbá mi ti yọ ọ́. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń jẹ́ Haute-Volta. Ibi tí wọ́n ń pè ní Ouaga 2000 lónìí, oko ọkà bàbà ni. Bàbá mi ti Ìníṣà wá, ó ń ta ṣéènì, pẹ́dà àti sípóòkù lọ́jà ńlá, màmá mi sì ń ta aṣọ. Ògiri amọ̀ kan ló pín ilé wa àti ilé Tẹnẹ níyà, kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ.

Tẹnẹ ni ọ̀rẹ́ mi. Mósì ni wọ́n, Mùsùlùmí bíi tiwa, ìjókòó kan náà la jọ ń lò ní kíláàsì tó kẹ́yìn. Ọdún yẹn la ó ṣe ìdánwò ìwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí ọdún yẹn bá sì kọjá, ọjọ́ orí àwa méjèèjì á ti pọ̀ jù. Bí mo bá fìdí rẹmi, wọ́n á fi mí ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ìníṣà kí n lọ kọ́ òwò aṣọ. Ti Tẹnẹ burú jù bẹ́ẹ̀: wọ́n ti bá ọkọ kan sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀ ní abúlé, bàbá rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé bó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ni òun á fi da ọ̀rọ̀ náà rú. Ìwé ìṣirò kan ṣoṣo ni bàbá wa méjèèjì jọ rà fún wa. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí yóò gbé e sùn, télọ̀ tó wà ní ẹnu ọ̀nà wa gbà á lọ́wọ́ wa, ó fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì láàárín gbùngbùn. Òun ló fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì kó má bàa tú. A máa ń pààrọ̀ ìdajì wa ní ọjọ́ Jímọ̀.

Lẹ́yìn náà ni yírùnyírùn dé. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń wá, nígbà tí eruku pupa bá bo oòrùn tí ètè gbogbo ènìyàn sì là. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ọmọ, ara rẹ̀ á gbóná, ọrùn rẹ̀ á le gan-an bí igi. Ẹlòmíràn ò ní rí oòrùn ọjọ́ kejì. Wọ́n ti ilé ìwé. Wọ́n ní kí ọmọdé má ṣe ti agbolé kan bọ́ sí òmíràn mọ́. A máa ń rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ẹní kọjá, ẹní kúkúrú, màmá mi á sì yí ojú wa padà. Ní òwúrọ̀, kí a tó fọnu, ó máa ń to èmi àti àwọn àbúrò mi sójú kan. "Ẹ tẹríba. Kí àgbọ̀n kan àyà." Bí àgbọ̀n mi bá ti kan àyà, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí sílẹ̀.

Bàbá mi ní ìdánwò kì í dúró de àìsàn. Kíláàsì kẹrin ló ti kúrò nílé ìwé Gẹ̀ẹ́sì, èdè Faransé rẹ̀ kò sì ju ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n ó gbé pátákó rẹ̀ ti ara ilé, ó so aṣọ funfun mọ́ ọrùn, ó ní òun ni mẹ́tìrì wa, bí àwọn Faransé ṣe ń pe olùkọ́.

"Mẹ́tìrì tó ń ta ṣéènì," ni màmá mi wí.

Ẹfun tí àwọn aboyún máa ń jẹ ló fi ń kọ̀wé. Ohun tó bá mọ̀, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ohun tí kò mọ̀ ló sì máa ń fi ohùn òkè kọ́ wa. Ìdajì ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, òun náà ń kà á pẹ̀lú mi, ìka rẹ̀ tí gíríìsì ti wọ̀ ń tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Jímọ̀ bá dé, màá gbé e sórí ògiri, màá fi òkúta tẹ̀ ẹ́, kí oòrùn lè pa àrùn ara rẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán kí Tẹnẹ tó mú un, òun náà á sì gbé tirẹ̀ síbẹ̀. A máa ń ju ọwọ́ síra wa láti ọ̀nà jíjìn.

Jímọ̀ kan dé, n kò rí ohunkóhun lórí ògiri. Mo gbé tèmi síbẹ̀, ó wà níbẹ̀ títí eruku fi bò ó. Ní àgbàlá wọn, n kò gbọ́ odó, n kò gbọ́ ariwo. Màmá mi lọ dúró lẹ́bàá ògiri, ó kí wọn, ohùn ìyá Tẹnẹ sì dáhùn láti inú ilé pé kí a bá wọn bẹ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, màmá mi máa ń mú kí n tẹríba lẹ́ẹ̀mejì. N kò lè jẹun. Mo máa ń jókòó síwájú pátákó, tí ojú mi sì wà lórí ògiri, bàbá mi ò sì nà mí.

Ìdajì tó wà lọ́dọ̀ Tẹnẹ ni ìṣirò ilẹ̀ wà, èyí tó le jù, tí kì í sì í wọ́n nínú ìdánwò. Bàbá mi pinnu láti fi orí ara rẹ̀ kọ́ mi.

"Ti Faransé ò le," ó wí. "Ẹ̀wá, ẹ̀wá lásán ni. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ìyà wà, íǹṣì méjìlá, ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, yáàdì kan. Ta ló rán wọn níṣẹ́?" Ó kọ ọ́ sí pátákó pé oko kan jẹ́ ẹkitáà mẹ́ta, bí a bá fi áárì, ìwọ̀n ilẹ̀ tó kéré sí i, wọ̀n ọ́n, áárì mélòó ni? Ó sì dáhùn fúnra rẹ̀: ọgbọ̀n.

"Bàbá wọn, ṣé ó dá yín lójú?" ni màmá mi bi í.

"Ó dá mi lójú bí ṣéènì ṣe dá kẹ̀kẹ́ lójú."

"Ṣéènì náà a máa já o."

Ọgbọ̀n yẹn la fi ń ṣiṣẹ́. Gbogbo oko tí a wọ̀n nínú àgbàlá wa ló sún kì.

Ọ̀sán kan, bí mo ti ń kọ iye kan sí pátákó, mo rí síléètì kan tó yọ lókè ògiri. Ọwọ́ méjì tó rù bí igi ìdáná ló gbé e. Lẹ́yìn náà ni orí Tẹnẹ yọ, wọ́n ti fá irun rẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Ó ti dorí odó kodò, ó dúró lé e. Ó ti ń wo pátákó wa, ó sì ti rí ọgbọ̀n náà.

Ohun tó yà sórí síléètì nìyí: ẹkitáà, áárì, ṣáńtíárì, ó sì fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní yàrá méjì. Ẹ wò ó, bó bá jẹ́ gígùn ni à ń wọ̀n, yàrá kan ló tó fún orúkọ kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ní gígùn, ó ní ìbú, nítorí náà yàrá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Ó kọ ẹẹ́ta sábẹ́ ẹkitáà, ó fi òdo kún yàrá méjèèjì tó wà lábẹ́ áárì. Ọ̀ọ́dúnrún. Bàbá mi wò ó. Ó mú igi, ó bẹ̀rẹ̀, ó pín ilẹ̀ sí àpótí kéékèèké, mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóòró, ó ní kí n kà wọ́n. Nígbà tí mo ka ọgọ́rùn-ún, ó nàró, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Tẹnẹ, barka," ó kígbe, ó ń fi èdè Móòrè dúpẹ́. "Barka, mẹ́tìrì wa."

Tẹnẹ ò dáhùn. Síléètì náà ṣì wà lókè. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, agbada irin bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ró gbàmù, adìyẹ fò, èmi náà fò. Tẹnẹ ò yíjú. Ìyá rẹ̀ wá sí ìdí ògiri, ó sọ ọ́ ní èdè Móòrè, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀: etí rẹ̀ ti lọ, Ọlọ́run fi ojú sílẹ̀ fún wa.

Bàbá mi gbé pátákó kúrò lára ilé, ó gbé e kọjá àgbàlá, ó sì yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

Láti ìgbà náà, ohun gbogbo tó bá fẹ́ sọ, kíkọ ló ń kọ ọ́, ìyà ńlá sì ni fún ọkùnrin tó fẹ́ràn ẹnu bíi tirẹ̀. Ìṣirò ò dà wá láàmú mọ́. Àpèkọ, tí a ń pè ní díkítéè, lẹ̀rù ń bà wá fún, torí ẹni tó bá ṣì í kọ jù, ó ti bọ́ nìyẹn. Màá dúró lẹ́bàá ògiri, màá la ẹnu mi dáadáa, Tẹnẹ á máa wo ètè mi, á máa kọ. Lọ́jọ́ mìíràn ó gba gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, yóò gbé síléètì sókè, tí ó kún fún àṣìṣe, yóò sì sunkún, kò sì mọ̀ bí ẹkún náà ṣe ń lọ sókè tó.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ lé àrùn náà lọ tí wọ́n ṣí ilé ìwé, bàbá mi lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, ó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí Tẹnẹ jókòó síwájú, kí ó lè rí ẹnu ẹni tó ń pe àpèkọ. Ọ̀gá gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá pe àpèkọ lọ́jọ́ ìdánwò kì í ṣe ará ilé ìwé wa, ó sì jẹ́ ẹni tó máa ń rìn. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú, Tẹnẹ kọ ìlà àkọ́kọ́. Ó rìn lọ sẹ́yìn, Tẹnẹ yíjú tẹ̀ lé e. Ó ní kó wo iwájú, kò gbọ́. Tẹnẹ tún yíjú, ọkùnrin náà sì gbà pé ìwé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń wò. Mo dìde.

"Mùsé, etí rẹ̀ ni," mo wí. "Kò gbọ́ràn."

"Jókòó, àbí n gba tìrẹ náà?"

Ó mú ìwé Tẹnẹ kúrò níwájú rẹ̀, ó ní kó jáde. Tẹnẹ ń wo ẹnu rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀, ó ṣì ń gbìyànjú láti mọ ọ̀rọ̀ tí yóò kọ.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò dé. Ọkùnrin kan ní oko, ẹkitáà báyìí, ó fẹ́ pín in. Mo fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní yàrá méjì. Láti ojú fèrèsé, mo rí Tẹnẹ tó jókòó sábẹ́ igi, ó gbé síléètì rẹ̀ sórí orúnkún.

Wọ́n ń fi ohùn pe orúkọ àwọn tó yege ni nígbà náà, ní gbangba. Tẹnẹ bá mi lọ. Gbogbo ènìyàn ń wo ọ̀gá, òun nìkan ló ń wò mí. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, mo gbìyànjú kí ojú mi má ṣe sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó ti kà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ìdajì ìwé rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Kí n tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé fún ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n ti mú un lọ sí abúlé, àwọn ẹlòmíràn sì ti gba ilé náà. Mo bi gbogbo ẹni tí mo lè bi. N kò tún gbúròó rẹ̀.

Ohun púpọ̀ ti yí padà. Abẹ́rẹ́ wà fún yírùnyírùn báyìí, wọ́n sì ti kọ́ ilé ìwé fún àwọn tí etí wọn kò gbọ́ràn. Lónìí, rédíò àti fóònù lè kọ́ ọmọ nílé dáadáa, dáadáa ju bàbá mi lọ. Síbẹ̀, n kò tíì rí èyí tó lè gbójú sókè wo ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri.

Lánàá, mo gún dúdú bátìrì náà, mo kun pákó kan fún àwọn ọmọ ọmọ mi, oje rẹ̀ sì bára mu. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí. Èyí tó kéré jù ní, "Màmá àgbà, a ò rí nǹkan kan o." Ìgbà náà ni mo wò ó dáadáa. Mo ti gbé pátákó náà kọjá àgbàlá, mo ti yí ojú rẹ̀ sí ògiri.