“Bocht” Lẹ́yìn Orúkọ Mi

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ṣọ́ọ̀kì, ohùn ìyá mi ni mo máa ń gbọ́ ní kíláàsì wa ní Yábàá.

Wọ́n ti lu aago ìjáde. Sístà tó ń kọ́ wa, ọmọ ilẹ̀ Áílándì, di ọwọ́ mi mú, ó ń pe orúkọ mi, ó sì ń fi “bocht” tì í lẹ́yìn. Ìyá mi wọlé, ó gbọ́.

“Kí lẹ pe ọmọ mi?”

“Èdè wa ni, Màmá. Òtòṣì ni. Ẹ̀yìn orúkọ la máa ń fi sí, bíi ti Yorùbá.”

“Òtòṣì? Ẹ ò tiẹ̀ nítìjú! Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń wa lọ́rì tara ẹ̀ lọ sí Kánò?” Ó yíjú sí àbúrò bàbá mi, tó ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. “Ọkọ mi, ẹ ṣáà ń gbọ́!”

Ilẹ̀ ni ìyẹn ń wò. Ojú Sístà pọ́n. “Ẹ má bínú, Màmá,” ló sọ.

Bàbá mi ti kú lójú ọ̀nà láti àárọ̀, àbúrò rẹ̀ sì ti bẹ Sístà pé kó má sọ ọ́, torí àwọn àgbà ilé ló gbọ́dọ̀ túfọ̀ fún ìyàwó. “Bocht” yẹn kan náà ni wọ́n fi ń káàánú ẹni lédè Sístà.

“O ò ní fẹsẹ̀ kan ibí mọ́!” Ìyá mi fà mí jáde. Mo bojú wẹ̀yìn, mo yọ ahọ́n sí Sístà tó ń sunkún.