"A Dúpẹ́" Tó Di Owó Ilé Ìwòsàn

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé aránṣọ tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ yẹn mọ èèyàn án kí. Bí iná ń jó lórí òrùlé rẹ̀, tí o sì kí i, yóò ní a dúpẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gé aṣọ, kò sí oníbàárà kan tó gbọ́ ìráhùn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìwà rere ni. Ìwà rere yìí ló sì fẹ́ gba ọwọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ èrò ló wọ̀ lọ́jọ́ kan, ó jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn awakọ̀. Awakọ̀, ọlọ́gbọ́n ayé, ń tẹ fóònù, ó sì lọ fi imú ọkọ̀ wo bí ògiri ṣe le tó. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún aránṣọ ṣẹ́. Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ọkọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà láti máa san owó ìwòsàn rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Aláàánú ni wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, akọ̀wé wọn pè é lórí fóònù.

"Ẹ kú ilé o, mà. Ṣé ara ti yá?"

"Ó ti yá o, a dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, mà."

Aránṣọ gbé fóònù sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé ọmọlúàbí ṣì wà láyé. Sìmẹ́ǹtì funfun tí dókítà fi di egungun náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, kò lè di àlùmọ́gàjí mú. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú fáìlì pé ó ti yá, ó sì pa fáìlì dé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn fi ìwé owó mẹ́ta ránṣẹ́: ti àwòrán egungun, ti dókítà tó wo àwòrán náà, tí aránṣọ kò fojú kàn rí, àti ti nọ́ọ̀sì tó ń bá a na ìka. Bí kò bá san án, kó má padà wá fún ìtọ́jú mọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ lẹ́tà sí i pé àwọn ò ní san án, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé ó ti yá.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ka lẹ́tà wọn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé yín lọ sí mọ́ṣúárì, ẹ ó ṣì ní dáadáa lẹ wà."

"Ṣé kí n máa wá ka ìrora fún ọmọ ọlọ́mọ tó kí mi ni?"

"Ẹ kà á! Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì náà. Yàrá ibẹ̀ tutù bí ọkàn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀gá obìnrin kan ṣí fáìlì, akọ̀wé dúró tì í.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ti yá," ni ọ̀gá wí.

Aránṣọ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí tábìlì. Ó gbìyànjú láti di ẹ̀ṣẹ́. Ìka mẹ́ta kọ̀, wọn ò ká.

"Ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ yín kí mi, mo dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ ìwádìí ló ń ṣe, kó sọ pé ìwádìí ni. Ìyá tó bí yín, bí ẹ bá kí i láàárọ̀, ṣé ó máa ń ka ibi tó ń dùn ún fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Ọ̀gá wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo ilẹ̀.

"Kò kà á rí," ni ọ̀gá wí. "Ọjọ́ tó ṣubú la tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru." Ó mú bírò. "Ẹ lọ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà pé ọwọ́ yín kò tíì san. A ó sanwó."

Wọ́n san owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóòótọ́. Ìlà méjì péré ni dókítà kọ, ó sì gba iye tí aránṣọ fi ń rán aṣọ mẹ́ta lé e lórí. Ilé-iṣẹ́ aláàánú ní ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú, àwọn ò ní san án. Aránṣọ san án, ó padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe fa ìka àkọ́kọ́, aránṣọ tí kò ráhùn rí figbe ta débi pé àwọn tó wà ní yàrá kejì dìde dúró.