Wọ́n Sọ Ọmọ Mi Lórúkọ Àìsàn Lẹ́yìn Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ní ó ní àìsàn èdè.

Ọ́fíìsì ni mo wà ní Wharf Road, Àpápá, láàárọ̀ yìí tí síkúùlù rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ fi pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá obìnrin kan lọ́dọ̀ ọ̀gá síkúùlù. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọdé wò. Ló bá na ìwé sí mi, kí n sáìnì, kí wọ́n lè yọ Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́fà, kúrò ní kíláàsì rẹ̀ lọ sí ti àwọn ọmọ tó níṣòro ọ̀rọ̀ sísọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èdè wo lẹ fi bá a sọ̀rọ̀?"

Ó ní òyìnbó ni, òun ò gbọ́ Yorùbá.

Ẹn-ẹ́n! Yorùbá là ń sọ nílé o! Mo gba àwòrán tó fi dán an wò, mo pe ọmọ mi.

"Mọrẹ́, kí ni ajá yìí ń ṣe?"

"Ajá... ó ń... nǹkan yẹn... Màmá, ẹ bá mi sọ ọ́."

Lóòótọ́, èmi ni mo máa ń bá a parí ọ̀rọ̀ nílé. Àbí òótọ́ ni wọ́n ń sọ?

Síbẹ̀, mi ò sáìnì. Mo ní kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá kó tún un yẹ̀ wò.

Ọ̀gá síkúùlù fajú ro: "Ìyá Mọrẹ́, ẹ̀ ń fàkókò ọmọ yìí ṣòfò."

Kí ló ń lé wọn?

Ẹ̀yin abiyamọ, ṣé ohun tí mo ṣe dáa, àbí ẹ̀rù ló ń bà mí? Ẹ má tàn mí o.