Orúnkún Ìyá Mi Kọ̀

Ní ọdún tí mo parí yunifásítì, mo ru ìmọ̀ oríkèé wá sí Ẹ̀jìgbò bí ẹni gbé ẹran iléyá bọ̀. Mo jókòó ti ìyá mi, mo là á yé e: oríkèé ìdí itan dà bí ọmọ odó nínú odó, kò síbi tí kò lè yí sí. Ti orúnkún dà bí ilẹ̀kùn, kó ṣí kó padé ló mọ̀. Ohun funfun tó ń yọ̀ lórí eegun, irú èyí tí a máa ń rún lára eegun adìẹ, ni kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. Ti orúnkún tirẹ̀ ti gbó tán, kò sì ní í hù mọ́.

"Ọdún mélòó lo fi kọ́ ìyẹn?"

"Mẹ́rin, mà."

"Ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ tí n kò lè dìde lèmi ti mọ̀ ọ́n."

Nínú agbo ilé wa, ìyàwó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí síbẹ̀ kí òun tó ṣègbéyàwó wọlé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọwọ́ ni àbúrò bàbá mi nígbà tí ìyá mi wọlé. Ìyá mi ló ń pọ̀n ọ́n lọ oko ní Ìsúndùnrín. Ní báyìí, ọ̀gbẹ́ni náà ti dé láti Àbíjáǹ pẹ̀lú awò ojú dúdú àti Faransé. Àràárọ̀ ló ń jókòó síta gba ìkúnlẹ̀ bí ọba. Orúnkún tirẹ̀ le koko. Kò kàn ń lò ó ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi gbé àpótí síwájú rẹ̀, ó jókòó.

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi."

"Ìyàwó, bọ̀nsúù. Ṣé ìjókòó ni wọ́n fi ń kí ọkọ nílé yìí?"

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé eegun.

"Pa ẹnu dé, dókítà adìẹ," ni ìyá mi wí. Ó kọjú sí i. "Ọkọ mi, orúnkún tí ẹ ń wá, ẹ̀yin lẹ gùn ún gbó. Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ pọ̀n mí dé Ìsúndùnrín. Bí a bá débẹ̀, màá kúnlẹ̀."

Àwọn ìyàwó ilé ń wúkọ́ kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi fi Faransé bínú.

"Àṣà ni!" ló wá pariwo.

"Ọlọ́run Ọba gbà kí n jókòó kírun. Ṣé ẹ̀yin jù ú lọ ni? Mi ò kúnlẹ̀ mọ́."

Kò sì kúnlẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyàwó tó wọlé tẹ̀lé e, tí n kò tí ì wo orúnkún rẹ̀ rí, gbé àpótí tirẹ̀ jáde.