Àgbàdo Tí Wọ́n Bomi Rin Nítorí Àlejò

Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe kò ṣòro í ṣàlàyé: mo máa ń febi omi pa àgbàdo, kí n lè mọ èyí tí kò ní kú. Ó yé ìyá mi tí kò kàwé. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ ni kò yé, òun tí wọ́n ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n.

Oko ìdánwò mi wà lọ́nà Ọ̀dà. Mo fi ọ̀rá bò ó lórí kí òjò má bàa kàn án. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ni mo ti tọrọ irúgbìn náà, òmíràn kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, àwọn tó fún mi kò sì ní i mọ́. Gbogbo ewé wọn ti ká bí ẹní. Inú mi ń dùn, nítorí ó ku díẹ̀ kí n mọ akọni inú wọn.

Ni wọ́n bá ní àlejò ń bọ̀ láti Àbújá. Ọ̀gá wo oko náà, ó yínmú.

"Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ dójú tì wá ni?"

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, sà."

"Kó gbẹ báyìí?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo lọ sìnkú ní Oǹdó. Kí n tó dé, ó ti ní kí wọ́n ká ọ̀rá kúrò, kí tánkà máa gbé omi wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èyí tí ì bá kú àti èyí tí ì bá yè, gbogbo wọn tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìgbà tí àlejò fi dé, àgbàdo ti yọmọ. Ọ̀gá, olórí òfo yìí, na ikùn síta láàárín oko mi, ó ní ọ̀gbẹlẹ̀ kì í ran àgbàdo yìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ tán, kí wọ́n sè é. Àgbọn ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ń dáko ní Oǹdó. Lọ́dún tó kọjá òjò kọ̀, ó sì wá bá mi ní ọ́fíìsì, eruku bo bàtà rẹ̀. Ó ní ewé àgbàdo òun ti ń ká, gbogbo ohun tí òun ní ló sì wà nínú oko náà.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, irúgbìn yẹn, èyí tí ọ̀gbẹlẹ̀ kì í ràn."

Mo kórìíra ọkùnrin náà títí dòní. Síbẹ̀, mo fún un ní àga kó jókòó.

"Èyí tẹ́ ẹ fi ṣàlejò, sà? Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán."