Ibi Tí Mo So Ṣéènì Sí

Lánàá, nígbà tí mọ́tò aládùúgbò wa rì sínú ẹrẹ̀ lójúde, tí àwọn ọmọkùnrin yẹn ń wá okùn tí wọ́n máa fi fà á, o rí i pé mo dìde. O ní kí n jókòó, pé kò kàn mí. Mi ò lè jókòó. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí mọ́tò tó fẹ́ fa èkejì, mo wo ibi tí wọ́n so okùn sí. O béèrè ohun tí mò ń wò. Ó dáa, ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀, torí mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàámi ní ilẹ̀ kan láàárín Ìbà àti Òkókómáìkò. Ibi tí ẹ ń pè ní Ìyànà Ìbà lónìí, igbó ni nígbà yẹn. Iṣẹ́ omi ni Bàámi mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ara wọn ti ń rẹ̀, apá wọn ò gbé àjẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá ní àwọn máa gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Ó ń bá àwọn àgíríìkì, àwọn aláṣẹ oko ìjọba, ṣiṣẹ́, ó ń wa katakata tí wọ́n fi ń túlẹ̀. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ yá wa ní katakata náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, ó gbọ́dọ̀ ti wà ní Ìjànìkin, àwọn ará ibẹ̀ náà ń dúró dè é. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló ń lé gbogbo wa kiri. Bàámi ò jẹ oúnjẹ tán lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó dìde.

Katakata ìgbà yẹn ò ní òrùlé. Kò sí irin kankan lókè orí ẹni tó ń wà á. Ìjókòó irin kan ni, ó rí bí abọ́, táyà ńlá méjì lẹ́yìn, kékeré méjì níwájú. Tó bá dojú dé, ara rẹ ló máa fi tẹ́lẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi fi igi yàwòrán ẹ̀ fún mi lórí iyẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Wo irin tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Tó o bá máa so nǹkan mọ́ katakata, abẹ́ irin yẹn ni kó o so ó sí. Tó o bá so ó sókè, tí nǹkan ọ̀hún ò sì gbà láti wá, iwájú katakata ló máa gbéra."

Mo ní, "Bó ṣe wúwo tó yẹn?"

"Bó ṣe wúwo tó yẹn. Kó o tó ka ení, èjì, ó ti dé orí mi."

Mo gbọ́. Kọ ìyẹn dáadáa. Mo gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ku kùkùté ìyeyè kan láàárín oko. A ti túlẹ̀ yí i ká. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbẹ́ ìdí ẹ̀, ká fi àáké gé gbòǹgbò ẹ̀ kí òun tó fà á. Bàámi wo oòrùn, wọ́n ní ìyẹn á gba gbogbo ọ̀sán, pé ká fà á bẹ́ẹ̀. Mo so ṣéènì sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fà á. Táyà ń yí lójú kan, iyẹ̀pẹ̀ ń fò, kùkùté ò mira.

O ní láti mọ bí àwa ará Ọ̀jọ́ ṣe ń fa ọkọ̀ ojú omi gun èbúté. Òkè imú ọkọ̀ la máa ń so okùn sí. Tó o bá so ó sísàlẹ̀, imú ọkọ̀ á máa gbẹ́ ẹrẹ̀ lọ. Tó o bá so ó sókè, imú á gbéra, ọkọ̀ á sì rọra tẹ̀ lé ọ. Kò sí ọmọ èbúté tí ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí Bàámi rò nìyẹn. Wọ́n ní, "Ibo lẹ so nǹkan sí yìí? Ìsàlẹ̀. Ohun tó bá rì, òkè la ti ń fà á."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, katakata kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi."

"Mo ní ọkọ̀ ojú omi ni? Ìwọ tó o lọ kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàámi méjì ti wá láti Ọ̀tọ̀ wá wòran. Ọmọ kì í bá baba ẹ̀ jiyàn lójú àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ nu ojú. Bàámi wá kọjú sí mi. "Tú u. So ó mọ́ irin tó ga lẹ́yìn ìjókòó yẹn."

Mo tú u. Mo so ó sókè. Ọwọ́ mi yìí ló so ó. Mo fi ìkọ́ ẹ̀ kọ́ irin yẹn, mo fà á wò bóyá ó dúró. Ó dúró.

Nígbà tó kọ́kọ́ fà á, táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ó tún padà balẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ní, "Ó ń jó bí ẹṣin ọba." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kùkùté yẹn mira díẹ̀.

Bàámi ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó ti ń bọ̀. Tún un fà."

Ẹ̀gbọ́n mi bojú wẹ̀yìn. Kò wo Bàámi, èmi ló wò. Ó fẹ́ kí ẹnì kan tí kì í ṣe òun bá òun sọ ọ́. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo Bàámi, mo wo àwọn àlejò, mo pa ẹnu mi dé. Ẹsẹ̀ mi ò dúró lójú kan, mò ń tẹ ibí, mò ń tẹ ọ̀hún.

Ó fà á. Iwájú gbéra, kò sì padà mọ́. Mo rí abẹ́ katakata bí èèyàn ṣe ń rí ikùn ẹran tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ju ara ẹ̀ sápá òsì. Ilẹ̀ mì, eruku bo gbogbo wa. Nígbà tí eruku máa rọlẹ̀, katakata ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀, táyà ńlá ṣì ń yí lófo.

Ìjókòó yẹn ti wọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí lábẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n irin tó bo táyà ti tẹ ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ mọ́lẹ̀ láti orúnkún. Àwọn èèyàn sáré wá gbé katakata. Òun fúnra ẹ̀ ló dá wọn dúró.

"Ẹ má gbé e. Tó bá yọ̀ lọ́wọ́ yín, orí mi ló ń bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ gbẹ́lẹ̀."

Mo pa á bó ṣe júwe fún mi. A fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ, a fọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ tá a ti tú yẹn rọ̀, òun ni ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn gé. Èékánná mi méjì ṣí. Bàámi ń gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde nígbà tí ìyàwó ẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán dé. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ọkọ ẹ̀ lé itan. Ìgbà yẹn ló wá rí ṣéènì. Àwọn ìyàwó ilé, "ọkọ mi" ni wọ́n ń pe àbúrò ọkọ wọn. Ó ní, "Ọkọ mi, ta ló so ṣéènì síbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀."

Ó gbójú kúrò lára mi. Bàámi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n la ẹnu, wọ́n pa á dé, bí èmi náà ṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù l'Ékòó. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ò mọ̀ bóyá wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yẹn. Mò ń rìn láti ilé dé èbúté, láti èbúté padà sílé, mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ mú níbẹ̀. Wọn ò gé e. Ó kàn kúrú ju èkejì lọ ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, katakata tún wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun náà lòun máa wà á, ìyàwó ẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Kùkùté ìyeyè yẹn ṣì wà níbẹ̀. A gbẹ́ ìdí ẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, a gé gbòǹgbò ẹ̀, kò sẹ́ni tó wo oòrùn. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀, mo so ṣéènì mọ́ irin ìsàlẹ̀ pátápátá.

Bàámi wá. Àwọn àlejò ọjọ́sí wà níbẹ̀. Bàámi kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dáadáa tí wọ́n wọ̀, wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ katakata, wọ́n ń fi ìka díwọ̀n àyè tó wà láti ilẹ̀ dé ibi ṣéènì. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ga jù. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí i."

Kò sí ìsàlẹ̀ mọ́. Iyẹ̀pẹ̀ ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí látorí ìjókòó. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tú ìkọ́, mo tún fi kọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bàámi tún fọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Wọ́n ní, "Ó dáa báyìí. Gbogbo yín, ẹ kúrò lẹ́yìn ẹ̀."